Purogíráàmù mi kú ní ìdí ret, rip sì di 7. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni stack ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an?

#1 Akẹ́kọ̀ọ́_Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọdún kejì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ assembly ni, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún CPU ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. CPU 8086 àtijọ́ ni ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ń sọ, x86-64, ọmọ rẹ̀, ló sì wà nínú laptop tòkunbọ̀ mi. Mo fi NASM kọ kóòdù kékeré yìí lórí Linux. Mo fẹ́ kó sọ 5 di ìlọ́po méjì, kó wá fi 7 kún un:

```
main:
    push rbx
    mov  rbx, 7
    mov  rdi, 5
    call ilopo
    add  rax, rbx
    pop  rbx
    ret

ilopo:
    push rbx
    mov  rbx, rdi
    add  rbx, rbx
    mov  rax, rbx
    ret
```

Bí mo bá tẹ echo $?, 17 ló yẹ kí n rí. Segmentation fault ni mo rí, ìyẹn ni pé Linux pa á nítorí ó fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ṣí gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú purogíráàmù bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ní rip (rẹ́jísítà, ìyẹn àpò kékeré inú CPU, tó ń tọ́ka sí àṣẹ tó kàn) ti di 0x7. Láti àná ni mo ti ń wò ó, kò síbi kankan tí mo ti ní kó lọ sí 7.

Ìbéèrè kejì: gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe push, kí n fi nǹkan pamọ́ sórí stack nínú mẹ́mọ́rì, ńṣe ni rsp, tó ń sọ ibi tí a dé lórí rẹ̀, ń dínkù. Wọ́n ní stack dà bí abọ́ tí a tò léra. Ṣé abọ́ tí a tò léra kì í ga sókè ni?

#2 Ọmọ_Enúwá

Àbúrò, o ṣe push rbx nínú ilopo, o ò wá ṣe pop rbx kó tó kan ret. Fi í sí i, á ṣiṣẹ́.

#3 Akẹ́kọ̀ọ́_Lágere

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi í sí i, 17 ti jáde. Àmọ́ kò tíì yé mi. Kí ló kan ret kan rbx? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé mo kàn ń lẹ nǹkan mọ́ kóòdù títí ariwo á fi dákẹ́.

#4 Ẹlẹ́rọ_Iléṣà

O ṣeun tí o padà wá béèrè, ọmọ mi. Ẹni tó bá fi 17 lọ sùn yóò tún bá 7 pàdé lọ́la.

Kọ́kọ́ gbé abọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ni wọ́n fi kọ́ èmi náà, ó sì ṣì mí lọ́nà fún ọjọ́ pípẹ́. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń dà ọ́ láàmú, ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé abọ́ tí o bá gbé kúrò ti kúrò nìyẹn. Nínú stack, kò sí ohun tó ń kúrò.

Kànga ni kí o rò. Lọ́dọ̀ wa ní Iléṣà, àti lọ́dọ̀ yín ní Ifẹ̀ náà, bí àwọn agbẹ́kànga bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á máa dá ihò ẹsẹ̀ sára ògiri kànga, lọ́tùn-ún lósì. Ihò yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀ gòkè. Àwọn ihò yẹn ni mẹ́mọ́rì. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí o tó wọlé, wọn ò sì ní kúrò níbẹ̀ bí o bá jáde. rsp ni ẹsẹ̀ rẹ. Nọ́ḿbà kan lásán ni nínú rẹ́jísítà: àdírẹ́sì ihò tí ẹsẹ̀ rẹ wà nísinsìnyí.

Bí o bá ní push rbx, ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ihò kan, ìyẹn báìtì 8, lẹ́yìn náà ni ohun tó wà nínú rbx á wọ inú ihò yẹn. Bí o bá ní pop rbx, a ó da ohun tó wà nínú ihò tí ẹsẹ̀ wà kọ sínú rbx, ẹsẹ̀ á wá gòkè ihò kan. O lè fọwọ́ ara rẹ ṣe push láìpè é ní push:

```
sub rsp, 8
mov [rsp], rbx
```

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé sub máa ń yí àwọn flag padà (àmì tí CPU fi ń rántí bí èsì ìṣirò ṣe rí), push kì í fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó wá kan call àti ret, ibẹ̀ ni 7 rẹ ti wá. call ń ṣe push àdírẹ́sì àṣẹ tó tẹ̀ lé e, ó wá fò lọ sínú function (ilopo, nínú tìrẹ). ret ń ṣe pop sínú rip. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àdírẹ́sì gidi ni ohun tó gbé. Ohun tó bá bá lábẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò gbé. Jẹ́ ká fi nọ́ḿbà kékeré rìn ín, ká ní rsp jẹ́ 1008 kí call tó ṣẹlẹ̀:

```
call ilopo    rsp = 1000   [1000] = àdírẹ́sì "add rax, rbx"
push rbx      rsp = 992    [992]  = 7
ret           ó ka [992]: rip = 7, rsp = 1000
```

Àdírẹ́sì tí ìwọ ń wá wà ní 1000, ihò kan péré lókè orí rẹ. O ò gòkè dé ibẹ̀ kí o tó pe ret. 7 tí main fi sínú rbx ni ret bá lábẹ́ ẹsẹ̀, òun náà ló gbé, ó sì gbọ̀nà àdírẹ́sì 7 lọ, níbi tí Linux kò ti ní jẹ́ kó ka ohunkóhun.

#5 Akẹ́kọ̀ọ́_Lágere

Bàbá, ẹ ṣé sà. Mo fi ìwé àti gègé rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, mo wá fi gdb rìn ín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń tẹ si. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Mo tún dán ohun tí ẹ sọ wò, pé kò sí ohun tó ń kúrò. Lẹ́yìn pop rbx nínú ilopo, mo fi mov rax, [rsp-8] sí i. 7 ṣì wà níbẹ̀! Ìyẹn ni pé mo ṣì lè máa lò ó lẹ́yìn tí mo ti ṣe pop?

#6 Ọmọ_Enúwá

Rárá o. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ mọ́. call tó bá tẹ̀ lé e á kọ àdírẹ́sì rẹ̀ lé e lórí. Lábẹ́ àdéhùn System V tí Linux ń tẹ̀ lé lórí x86-64 nípa bí function ṣe ń pe ara wọn, báìtì 128 tó wà nísàlẹ̀ rsp ni signal (ìpè òjijì tó ń já wọ inú purogíráàmù) kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Red zone ni wọ́n ń pè é. Function tí kò pe ẹlòmíì lè fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ láì gbé rsp nílẹ̀ rárá. Ní kété tí o bá ti pe ẹlòmíì, má gbẹ́kẹ̀ lé e.

#7 Alátùn-únṣe_Sábó

Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Inverter àti stabilizer ni mò ń tún ṣe ní Sábó, mo sì máa ń kọ kóòdù àwọn board kan fúnra mi. Mo fẹ́ fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn, kí àbúrò wa má bàa rò pé òfin ọ̀run ni.

Nínú 8051, chip kékeré kan tó ń darí board, òkè ni stack ń lọ. push á kọ́kọ́ fi 1 kún SP, ìyẹn rsp tirẹ̀, kó tó kọ nǹkan síbẹ̀. Tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, SP máa ń wà ní 07h, nítorí náà 08h ni push àkọ́kọ́ máa bọ́ sí. R0 ti báǹkì kejì, rẹ́jísítà tí kóòdù lè máa lò, sì lèyí! Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Èmi máa ń fi 30h tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú SP kí n tó ṣe ohunkóhun.

CPU 6502 tó jáde ní 1975 ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kò ju báìtì 256 lọ, láti 0100h dé 01FFh.

Èyí tó ń bá mi jà báyìí ni PIC16F àtijọ́ kan, chip kékeré mìíràn. Kò ní push, kò ní pop. Stack inú rẹ̀ kò ju ihò 8 lọ, àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀, kò sì sí àṣẹ tó lè sọ ibi tí ẹsẹ̀ wà fún ọ. Mo ní board kan lórí tábìlì tó ti fi oṣù kan dà mí lọ́kàn rú: á ṣiṣẹ́ dáadáa fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á kàn máa ṣe ìṣekúṣe, fáànù á tàn, á kú, kò ní dá àwọn bọ́tìnì lóhùn. Mo ti pààrọ̀ kápásítọ̀, mo ti pààrọ̀ crystal. Ọ̀rọ̀ yín yìí ló ń mú mi ronú.

#8 Ẹlẹ́rọ_Iléṣà

Sábó, ṣé interrupt (ìpè òjijì tó ń dá kóòdù dúró láti ṣe nǹkan míì) wà nínú kóòdù yẹn? Ka iye call tó wọnú ara wọn níbi tó jìn jù lọ, kí o tó tún pààrọ̀ nǹkan míì.

Lórí ìdí tí x86 fi ń lọ sísàlẹ̀: ìṣètò mẹ́mọ́rì ló fà á. A máa ń gbé kóòdù àti dátà sí ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ dàgbà nínú wọn máa dàgbà sókè. Bí stack bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, àyè àárín di ti àjọni, kò sí pé à ń pààlà fún ẹnì kan ṣáájú. Nígbà tí mẹ́mọ́rì kò ju kílóbáìtì mélòó kan lọ, ọ̀rọ̀ pàtàkì nìyẹn. 8080 tó jáde ní 1974 ń lọ sísàlẹ̀, 8086 tó jáde ní 1978 tẹ̀ lé e, ìwọ náà sì bá a nínú tòkunbọ̀ rẹ lónìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí. Ní 1946, nínú ìwé tí Alan Turing kọ nípa ẹ̀rọ ACE, ọ̀rọ̀ tó lò ni pé a ń sin àdírẹ́sì ìpadàbọ̀, a sì ń hú u jáde. Ní Jámánì, Friedrich Bauer àti Klaus Samelson gba ọ̀nà tiwọn dé ibẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ onímọ̀ (patent) lórí rẹ̀ ní 1957. Keller ni wọ́n pè é, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni tó mú àkàwé abọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ni àwọn àgbà wọ̀nyí ń wò.

#9 Olùkọ́_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ẹ kú àlàyé, sà. Mo ń fi assembly kọ́ àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mú rbp, rẹ́jísítà tí a fi ń sàmì sí ibi tí function ti bẹ̀rẹ̀ lórí stack, lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo function bá ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, tó sì ń parí báyìí:

```
push rbp
mov  rbp, rsp
...
leave
ret
```

irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yìí kò ní ṣẹlẹ̀. leave ń dá rsp padà síbi tí rbp dúró sí, á wá ṣe pop rbp. Iye push tó wù kó gbàgbé láàárín, ret á ṣì bá àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

#10 Ọmọ_Enúwá

Ẹ má bínú mà, mi ò fara mọ́ ọn. Mo ṣe é bí ẹ ṣe wí, mo fi push rbx rẹ̀ sílẹ̀ láìní pop. Lóòótọ́ kò kú. Ṣùgbọ́n 20 ló jáde, kì í ṣe 17. ilopo ti sọ rbx di 10, kò sì dá 7 padà fún main, main wá fi 10 kún 10. Segmentation fault ń pariwo pé nǹkan bà jẹ́. 20 kì í pariwo. Ó sàn kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ pé rbx, rbp àti r12 dé r15 jẹ́ ohun àyálò: bó o bá bá wọn nínú function, bí o ṣe bá wọn ni kí o fi wọ́n sílẹ̀.

#11 Olùkọ́_Mọ̀dákẹ́kẹ́

Mo gbà fún ọ lórí 20 yẹn. Mi ò rò ó dé ibẹ̀, màá sì lò ó ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi rbp sílẹ̀. Bí rbp kọ̀ọ̀kan bá ń tọ́ka sí ti ẹni tó pè é, o lè tẹ̀ lé wọn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ títí dé main, kí o mọ ẹni tó pe ta ni. Ó pẹ́ tí gcc, tó ń sọ kóòdù C di ti ẹ̀rọ, ti ń yọ ọ́ kúrò bí a bá fi -O2 sí i kí kóòdù lè yára, kí rẹ́jísítà kan lè ṣẹ́kù. Irú Linux méjì, Fedora 38 ní 2023 àti Ubuntu 24.04 ní 2024, tún dá a padà sínú àwọn package wọn, nítorí àwọn tó ń wá ibi tí ètò ti ń falẹ̀ kò rí ọ̀nà tọ̀ mọ́.

#12 Ọmọ_Òkèèsà

Orí fóònù ni mo ti ń ka eléyìí, mo sì dán an wò nínú Termux, áàpù tó ń fún fóònù ní ojú àṣẹ bíi ti Linux. ARM64, irú CPU inú fóònù, kò ní push àti pop rárá. Bí a bá pe function, inú rẹ́jísítà x30 ni àdírẹ́sì ìpadàbọ̀ ń lọ, ibẹ̀ náà ni ret ti ń mú un. Function tó bá fẹ́ pe ẹlòmíì ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé x30 sórí stack: stp x29, x30, [sp, #-16]!. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbé ohun méjì. Ibẹ̀, ilopo rẹ ì bá padà sílé láìsí wàhálà, nítorí kò pe ẹnikẹ́ni.

#13 Akẹ́kọ̀ọ́_Lágere

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé mà. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má bínú, mo tún ti kó sí wàhálà. Mo fẹ́ kí main tẹ èsì jáde, mo wá fi push r12 sí abẹ́ push rbx, mo sì pe printf. Mo ka pop mi lẹ́ẹ̀mẹta, méjì ni push, méjì ni pop, mo sì tò wọ́n padà bó ṣe yẹ: r12 ló kọ́kọ́ jáde, kó tó kan rbx. Síbẹ̀ ó kú, inú printf ló kú sí. gdb ní movaps ni àṣẹ tó pa á. Tí mo bá yọ push r12 kúrò, á ṣiṣẹ́.

#14 Ẹlẹ́rọ_Iléṣà

O ti ṣe dáadáa tí o fi rí i pé r12 ló yí i padà. Ìwọ kọ́ ni o ṣàṣìṣe lórí pop. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àdéhùn yẹn kan náà sọ pé kí call tó ṣẹlẹ̀, rsp gbọ́dọ̀ ṣeé fi 16 pín láìṣẹ́kù.

Rìn ín bí o ṣe rin ti àkọ́kọ́. Ẹni tó pe main ní rsp tó gún, ká ní 1024. call rẹ̀ sọ ọ́ di 1016, nítorí náà bí o ṣe ń wọ main, 8 ti ṣẹ́kù. push rbx, 1008: ó gún. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi ń lọ geere, ìwọ ò kàn mọ̀ ni. push r12, 1000: 8 tún ti ṣẹ́kù. Báyìí lo ṣe wọ printf. movaps ń gbé báìtì 16 lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í gba àdírẹ́sì tí kò gún. Lẹ́yìn push méjèèjì, fi sub rsp, 8 sí i. Kó tó kan àwọn pop, fi add rsp, 8. Ihò kan tí o kò kó nǹkan kan sí, kí ẹsẹ̀ ṣáà lè gún ni.

#15 Akẹ́kọ̀ọ́_Lágere

Ó ti ṣiṣẹ́, sà! Mo wá fi ara mi dán nǹkan míì wò. Mo jẹ́ kí ilopo máa pe ara rẹ̀ láì dúró, mo sì ń ka iye ìgbà tó wọlé sínú r13. ulimit -s, tó ń sọ bí stack ṣe lè tóbi tó, sọ 8192 lórí laptop mi, ìyẹn kílóbáìtì, báìtì 8,388,608. Ìwọlé kan ń jẹ báìtì 16: 8 fún àdírẹ́sì ìpadàbọ̀, 8 fún rbx. Mo ṣírò rẹ̀ pé yóò wọlé nígbà 524,288 kó tó kú. Ó kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ kó pé iye yẹn. Ta ló jẹ ìyókù?

#16 Ọmọ_Enúwá

Kí main tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Linux ti kó àwọn environment variable àti àwọn argument sórí stack kan náà, ní òkè pátápátá. Àwọn tó pe main náà ti lo tiwọn. Bó o bá rin gdb láti _start, ibi tí purogíráàmù ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé main, o máa rí gbogbo wọn.

#17 Alátùn-únṣe_Sábó

Ẹ̀yin ará, mo ti kà á. Mo tẹ kóòdù yẹn jáde sórí bébà, mo fi bírò pupa fa ìlà láti ọ̀dọ̀ call kan sí èkejì. Láti main dé ibi tó jìn jù, tó ń ka folteji bátìrì tó sì ń ṣírò rẹ̀, call 8 ló wọnú ara wọn. 8 gééré. Timer interrupt sì wà níbẹ̀. Interrupt náà ń lo ihò kan nínú stack kan náà, ìyẹn di 9.

Stack PIC yìí kì í sọ pé òun kún. Ìkẹsàn-án ń lọ sórí èkíní ni, ó sì ń pa á rẹ́. Bí interrupt bá parí, á padà dáadáa, èkejì dé ìkẹjọ á padà dáadáa. Ìgbà tó bá wá kan ti àkọ́kọ́ pátápátá, dípò kó padà sí main, àdírẹ́sì tí interrupt fi síbẹ̀ ló máa bá, á tún bọ́ sí àárín function tó jìn jù lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀: interrupt gbọ́dọ̀ wọlé gẹ́lẹ́ nígbà tí a wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Mo ti da function méjì pọ̀ mọ́ ẹni tó pè wọ́n, ó ti di 6, pẹ̀lú interrupt ó di 7. Láti àárọ̀ àná ni mo ti tan board náà sílẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù ọgọ́rùn-ún wáàtì méjì. Ó ṣì ń dá bọ́tìnì lóhùn. Bàbá Iléṣà, ẹ ṣé púpọ̀.

#18 Ẹlẹ́rọ_Iléṣà

Inú mi dùn gan-an. Bí o bá tún fẹ́ fi function kan sí i, fa ìlà pupa yẹn kí o tó fi í sí i. Kápásítọ̀ àti crystal tí o yọ, bí wọn ò bá bà jẹ́, tọ́jú wọn.